Ṣé Kí Ẹ Ta RV Yín Ni, Àbí Kí Ẹ Fi Ta Ẹgbẹ́ Aláàánú Lọ́rẹ?

Oṣù mẹ́rìnlá gbáko ni RV wa, ọkọ̀ tí èèyàn lè máa sùn nínú rẹ̀ lẹ́nu ìrìn àjò, fi jókòó síbi tí wọ́n ti ń gba owó ìgbọ́kọ̀sí lẹ́yìn odi Houston. À ń san $120 lóṣooṣù lé e lórí, kò sì sẹ́ni tó wọ inú rẹ̀. Ìgbà kòrónà ní 2020 la rà á, nígbà tí wíwọ ọkọ̀ òfuurufú ń ba gbogbo èèyàn lẹ́rù. Àwa àtàwọn ọmọ sùn nínú rẹ̀ ní Big Bend, ọgbà ìjọba kan ní Texas, a se ẹ̀wà nínú rẹ̀, a rí ìràwọ̀ tí iná ìlú kì í jẹ́ ká rí. Àmọ́ àwọn ọmọ dàgbà, iṣẹ́ gbà wá lọ́wọ́, ọkọ̀ náà wá di ẹrù. Ẹ̀gbọ́n wa kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ní, “Ẹ fi ta àwọn aláàánú lọ́rẹ o jàre. Gbogbo iye tó bá tó nìjọba máa yọ fún yín nínú owó orí.” Inú rere ló fi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò rí bẹ́ẹ̀. Mo ka ìwé IRS, àjọ tó ń gba owó orí ní Amẹ́ríkà, mo bi akáńtáńtì wa léèrè, mo sì kọ ohun tí mo rí síbí fún ẹ̀yin tí ẹ wà ní Amẹ́ríkà bíi tiwa.

RV tó ní ẹ́ńjìnnì tirẹ̀ ni mò ń sọ, èyí tí èèyàn ń wà, tí ibùsùn, ibi ìdáná àti ilé ìyàgbẹ́ wà nínú rẹ̀. Tó bá jẹ́ irú èyí tí wọ́n ń so mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ mìíràn ni tiyín, títà rẹ̀ kò yàtọ̀ púpọ̀, àmọ́ ẹ kọ́kọ́ bi ẹni tó ń bá yín ṣe ìwé owó orí kí ẹ tó fi tọrẹ, nítorí ọkọ̀ tó ní mọ́tò ni òfin tí mo fẹ́ ṣàlàyé dárúkọ.

Èrò tèmi nìyí, kí n má fi falẹ̀: tí ọkọ̀ náà bá ṣì ń rìn, ẹ tà á, kí ẹ sì mú nínú owó rẹ̀ ṣe àánú. Tí kò bá rìn mọ́, tàbí tí ẹ bá mọ ẹgbẹ́ kan pàtó tó máa lò ó fúnra rẹ̀, ìgbà yẹn ni kí ẹ fi tọrẹ.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ yẹ ọkọ̀ náà wò bí àjèjì

Ẹ lọ síbẹ̀ lójú ọ̀sán, kí ẹ mú tọ́ọ̀ṣì dání. Omi ni ọ̀tá RV. Gọ́ọ̀mù tí wọ́n fi dí ojú oríkèé òrùlé rẹ̀ máa ń gbẹ nínú oòrùn, á sán, òjò á sì gba ibẹ̀ wọlé láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ tẹ ògiri ní gbogbo igun, pàápàá lókè ibùsùn àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Tó bá rọ̀, tàbí tí ara ògiri bá wú jáde, pákó inú rẹ̀ ti ń jẹrà nìyẹn, iye rẹ̀ sì ti já wálẹ̀ gan-an. Ẹ má kùn ún ní ọ̀dà láti fi bò ó. Ẹni tó mọ RV á fi ọwọ́ tẹ ibẹ̀ bí ẹ ṣe tẹ̀ ẹ́.

Ẹ wo táyà. Táyà RV máa ń darúgbó kí ojú rẹ̀ tó jẹ, torí ìdúró rẹ̀ pọ̀ ju ìrìn rẹ̀ lọ. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lára rẹ̀: nọ́ńbà mẹ́rin tó kẹ́yìn ló ń sọ ìgbà tí wọ́n ṣe é. Tó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2019 nìyẹn. Lẹ́yìn èyí, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ tan jẹnẹrétọ̀, ẹ tan fíríìjì, ẹ̀rọ amúlétutù àti sítóòfù, kí ẹ sì kọ èyí tó ń ṣiṣẹ́ àti èyí tí kò ṣiṣẹ́ sílẹ̀.

Ẹ wá wo iye rẹ̀ nínú àtẹ iye owó J.D. Power, èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì ń pè ní NADA, kí ẹ sì wo irú rẹ̀ kan náà lórí RV Trader, ìkànnì tí wọ́n ti ń polówó RV, ọdún kan náà, máìlì tó sún mọ́ra. Ẹ rántí pé iye tí èèyàn kọ sára ọkọ̀ kì í ṣe iye tó máa gbà nígbẹ̀yìn.

Ẹ tún mú ìwé ọkọ̀ jáde, èyí tí wọ́n ń pè ní title. Ṣé orúkọ yín ló wà níbẹ̀? Tí AND bá wà láàárín orúkọ ọkọ àti ìyàwó, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa fọwọ́ sí i. Tí orúkọ báńkì bá ṣì wà lórí rẹ̀, ẹ san gbèsè náà tán, kí ẹ gba ìwé pé báńkì ti yọwọ́. Láìṣe bẹ́ẹ̀, àtità àtọrẹ, kò sí èyí tó máa ṣeé ṣe wọ́ọ́rọ́wọ́.

Ìgbésẹ̀ kejì: ẹ mọ ohun tí òfin owó orí sọ

Ibí lọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà, nítorí náà mo máa dúró díẹ̀.

Nígbà kan rí, ẹni tó bá fi ọkọ̀ tọrẹ lè ṣí àtẹ iye owó, kó mú iye tó wà níbẹ̀, kó sì kọ ọ́ sínú ìwé owó orí rẹ̀, bí ọkọ̀ náà tilẹ̀ ti kú sílẹ̀. Ní 2003, GAO, àjọ tó ń bá Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì tọpinpin ìnáwó ìjọba, tọpa ọkọ̀ 54 tí àwọn èèyàn fi tọrẹ. Nínú nǹkan bí ìdá méjì nínú mẹ́ta wọn, ohun tó dé ọwọ́ ẹgbẹ́ aláàánú kò ju $5 lọ nínú gbogbo $100 tí ẹni tó fi ọkọ̀ tọrẹ kọ sílẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì yí òfin padà, òfin tuntun sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní 2005. Òun la ṣì ń lò.

Ohun tó sọ ni pé tí ẹ bá fẹ́ yọ ju $500 lọ nínú owó tí wọ́n máa bu owó orí lé, tí ẹgbẹ́ náà sì ta ọkọ̀ yín, iye tí wọ́n tà á gan-an ni ẹ lè yọ. Bí àtẹ iye owó bá sọ $18,000, tí wọ́n sì lù ú ní gbàǹjo ní $7,000, $7,000 ni ẹ máa kọ. Tí wọ́n bá tà á ní $500 tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀, ẹ lè yọ $500 tàbí iye tó tó lọ́jà lọ́jọ́ tí ẹ fi sílẹ̀, èyí tó bá kéré nínú méjèèjì.

Ọ̀nà tí ẹ fi lè yọ iye tó tó lọ́jà mẹ́ta péré ni. Kí ẹgbẹ́ náà lo ọkọ̀ yín gidi fún iṣẹ́ àánú wọn. Tàbí kí wọ́n ṣe àtúnṣe ńlá sí i tó máa sọ iye rẹ̀ di púpọ̀. Fífọ̀ ọ́, kíkùn ún àti títún ibi tó tẹ̀ ṣe kò sí nínú èyí lójú IRS. Tàbí kí wọ́n fún aláìní, tàbí kí wọ́n tà á fún un ní owó tó kéré gan-an sí ti ọjà. Tó bá jẹ́ ọ̀kan nínú mẹ́ta yìí, tí iye tí ẹ fẹ́ yọ sì ju $5,000 lọ, ẹ gbọ́dọ̀ gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tí òfin mọ̀ sí olùdíyelé, kí ẹ sì kọ ọ́ sí apá B nínú Form 8283, ìwé IRS fún ọrẹ tí kì í ṣe owó.

Ọ̀rọ̀ tí ẹ̀gbọ́n wa kò sọ rárá nìyí, bóyá òun náà kò mọ̀ ọ́n: ẹni tó ń ka ìnáwó rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú Schedule A, fọ́ọ̀mù tó ń bá ìwé owó orí lọ, nìkan ló lè yọ ọrẹ ọkọ̀. Ìjọba ti fún gbogbo èèyàn ní iye kan tí wọ́n lè yọ láìmú ẹ̀rí kankan wá, standard deduction. Fún ọdún 2025, $15,750 ni fún ẹni tó ń dá ṣe ìwé tirẹ̀, $31,500 sì ni fún tọkọtaya tó ń ṣe é pọ̀. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú wa, iye yẹn là ń mú, torí ó ju àròpọ̀ ìnáwó wa lọ. Tó bá sì jẹ́ òun lẹ ń mú, RV tí ẹ fi tọrẹ kò ní dín kọ́bọ̀ kù nínú owó orí yín.

Ìgbésẹ̀ kẹta: ẹ jókòó ṣírò ó

Ẹ mú bírò. Ká ní tọkọtaya kan ní èlé orí gbèsè ilé, owó orí ilé àti ìdámẹ́wàá tó jẹ́ $24,000 ní 2025. Wọ́n fi RV tọrẹ, wọ́n lù ú ní gbàǹjo ní $7,000. $24,000 àti $7,000 jẹ́ $31,000. Kò tíì tó $31,500. Standard deduction náà ni wọ́n máa mú, ọrẹ wọn kò sì mú nǹkan kan wá fún wọn lórí owó orí.

Ká tún mú tọkọtaya mìíràn, tí tiwọn ti jẹ́ $35,000 kó tó di pé wọ́n fi ọkọ̀ tọrẹ, tí wọ́n sì wà níbi tí wọ́n ti ń san $22 lórí gbogbo $100 tó gbẹ̀yìn. $7,000 yẹn máa dín owó orí wọn kù ní $1,540. Ẹ wò ó dáadáa: ọkọ̀ tó lè mú nǹkan bí $16,000 wá lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ràn rẹ̀, $1,540 ló dá padà fún wọn.

Tí àwọn kan náà bá tà á fúnra wọn ní $16,000, tí wọ́n sì kọ ṣẹ́ẹ̀kì $7,000 fún ẹgbẹ́ kan náà ńkọ́? Gbogbo $7,000 ló dé ọwọ́ àwọn aláìní, láìsí pé ilé iṣẹ́ tó ń bá ẹgbẹ́ ta ọkọ̀ yọ owó iṣẹ́ kúrò nínú rẹ̀. Tọkọtaya náà ṣì yọ $7,000 nínú ìwé owó orí wọn. $9,000 ṣẹ́kù sílé. Ìṣirò yìí ló yí ọkàn bàbá àwọn ọmọ mi padà lálẹ́ ọjọ́ kan.

Láti ọdún owó orí 2026, òfin tuntun tún fi kún ìyàtọ̀ yìí. Ẹni tí kò lo Schedule A lè yọ owó tó fi tọrẹ títí dé $1,000, $2,000 fún tọkọtaya tó ṣe é pọ̀, àmọ́ owó nìkan ni, ọkọ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹni tó sì ń lo Schedule A kò ní lè yọ apá àkọ́kọ́ nínú ọrẹ rẹ̀: lórí $100,000 tó bá wọlé, $500 àkọ́kọ́ kò sí nínú ìṣirò.

Ti owó orí lórí títà kò le. Tí ẹ bá tà á ní iye tó kéré sí èyí tí ẹ rà á, bí ti ọ̀pọ̀ RV ṣe ń rí, ẹ ò san nǹkan kan, ẹ ò sì lè yọ àdánù náà. Àfi tí ẹ bá ti fi háyà rí. Tìyẹn, ọ̀dọ̀ akáńtáńtì ni kí ẹ gbé e lọ.

Tó bá jẹ́ títà ni

Ọ̀nà mẹ́ta ló wà. Dílà á rà á lọ́wọ́ yín lọ́jọ́ kan, owó rẹ̀ á sì kéré jù. Dílà tún lè bá yín tà á, kó yọ owó tirẹ̀. Ẹ kà á nínú ìwé àdéhùn pé iye tí kò gbọ́dọ̀ lọ sísàlẹ̀ rẹ̀ ni èló, pé ọkọ̀ á wà lọ́dọ̀ wọn fún oṣù mélòó, àti pé ìbánigbófò ta ni yóò san tí yìnyín bá já lù ú nínú ọgbà wọn. Ọ̀nà kẹta, kí ẹ tà á fúnra yín, ló ń mówó wá jù, òun ló sì ń fẹ́ sùúrù. Ìgbà ìrúwé ni kí ẹ gbé e jáde, nígbà tí àwọn èèyàn ń múra ìrìn àjò ẹ̀ẹ̀rùn.

Ẹ tú gbogbo táńkì ìdọ̀tí dà níbi tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún un, kì í ṣe sójú gọ́tà. Ẹ fọ̀ ọ́ tán kí ẹ tó ya fọ́tò, kí ẹ ya ògiri tó bàjẹ́ pẹ̀lú. Èmi kọ ọ́ sínú ìpolówó wa pé òrùlé ti jò rí lápá ẹ̀yìn, mo sì fi rìsíìtì ẹni tó tún un ṣe síbẹ̀. Ẹni tó rà á sọ pé rìsíìtì yẹn ló jẹ́ kóun gbà wá gbọ́.

Ẹ ṣọ́ra fún gbájúẹ̀. Ẹni tí kò wá wo ọkọ̀, tó fẹ́ fi ṣẹ́ẹ̀kì báńkì ránṣẹ́, tó sì san ju iye tí ẹ pè lọ, tó ní kí ẹ fi èyí tó lé ránṣẹ́ sí ẹni tó máa wá gbé e: olè ni. Báńkì lè jẹ́ kí ẹ ná owó ṣẹ́ẹ̀kì ayédèrú fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó mọ̀, nígbà tí wọ́n bá sì mọ̀, ọrùn yín ni gbèsè wà. Ẹ jẹ́ kí owó náà kọjá nínú báńkì ẹni tó ń rà á, lójú yín, kí ẹ rí i bí òṣìṣẹ́ báńkì ṣe ń tẹ ṣẹ́ẹ̀kì náà jáde. Kí ẹ tó jẹ́ kó wà á wò, ẹ ya fọ́tò ìwé ìwakọ̀ rẹ̀, kí ẹ jókòó tì í.

Ní Texas níbí, ẹ fọwọ́ sí ẹ̀yìn title, ẹ̀yin àti ẹni tó rà á ẹ fọwọ́ sí Form 130-U, ìwé tí wọ́n fi ń béèrè title tuntun, ẹ kọ ìwé ìtajà tó ní ọjọ́, iye àti nọ́ńbà VIN. Èyí tó dáa jù ni kí ẹ bá a lọ sí ọ́fíìsì owó orí kántì, kó yí orúkọ padà lójú yín.

Tó bá jẹ́ ọrẹ ni

RV tó ti kú jẹ́ ìṣòro fún ẹni tó ni ín. Ọ̀pọ̀ ọgbà àlòkù irin kì í gbà á, torí pákó àti faibagíláàsì pọ̀ lára rẹ̀ ju irin lọ, owó lẹ sì máa san kí wọ́n tó wọ́ ọ lọ. Tí ẹgbẹ́ aláàánú bá ní àwọn máa wá wọ́ ọ lọ́fẹ̀ẹ́, èrè ńlá ni. Àmọ́ ẹ sọ bó ṣe gùn tó àti bó ṣe wúwo tó fún wọn tẹ́lẹ̀, kí wọ́n má baà fi ọkọ̀ tí kò lè gbé e wá.

Kí ẹ tó gbà, ẹ wá orúkọ ẹgbẹ́ náà nínú Tax Exempt Organization Search lórí IRS.gov. Ṣọ́ọ̀ṣì lè má sí níbẹ̀, kò sì túmọ̀ sí pé kò yẹ, nítorí òfin kò ní kí ṣọ́ọ̀ṣì kọ̀wé béèrè. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ni kí ẹ wò dáadáa: kì í ṣe gbogbo wọn ló forúkọ sílẹ̀ lábẹ́ 501(c)(3), apá òfin owó orí tó wà fún ẹgbẹ́ aláàánú, èyí tí kò bá sì sí lábẹ́ rẹ̀, ọrẹ tí ẹ ṣe fún un kò ṣeé yọ. Bẹ́ẹ̀ náà ni ilé ọmọ aláìlóbìí tí ẹ mọ̀ ní Ìbàdàn tàbí Òṣogbo. Iṣẹ́ wọn lè dára púpọ̀, àmọ́ tí ẹ bá fún wọn ní tààrà, IRS kò kà á sí. Ẹgbẹ́ tó forúkọ sílẹ̀ ní Amẹ́ríkà ló gbọ́dọ̀ gbà á.

Ẹ wá bi wọ́n: ṣé ẹ máa lò ó ni àbí ẹ máa tà á? Ta ló ń bá yín tà á, èló ló sì ń dé ọwọ́ yín nínú $100? Tí wọ́n bá ń yí ọ̀rọ̀ po, ẹ wá ẹlòmíràn. Ẹgbẹ́ tó fẹ́ sọ ọ́ di ilé ìwòsàn alágbèéká, tàbí ṣọ́ọ̀ṣì tó fẹ́ máa fi í gbé oúnjẹ fún àwọn tó ń sùn lábẹ́ afárá, irú wọn ni ó yẹ kí RV tó ṣì ń rìn lọ sọ́dọ̀ rẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ohun tí wọ́n fẹ́ fi ṣe nìyẹn.

Orúkọ ẹgbẹ́ náà ni kí ẹ kọ sórí title. Ẹ má fi àyè ẹni tó gbà á sílẹ̀ lófìfo láé, torí tí ọkọ̀ náà bá ṣe jàǹbá lọ́wọ́ ẹni tó rà á ní gbàǹjo, orúkọ yín ló ṣì wà lórí rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ retí Form 1098-C, ìwé ẹ̀rí ọrẹ ọkọ̀ tí ẹgbẹ́ náà máa fi ránṣẹ́ sí yín. Láàárín ọjọ́ 30 tí wọ́n bá tà á ni wọ́n gbọ́dọ̀ fi ránṣẹ́. Tí wọ́n bá fẹ́ lò ó, láàárín ọjọ́ 30 tí ẹ fún wọn. Copy B ni ẹ máa so mọ́ ìwé owó orí yín, ẹ tọ́jú Copy C. Tí ìwé yìí kò bá tíì dé, ẹ má yọ nǹkan kan: ẹ béèrè àfikún àkókò, tàbí kí ẹ fi ìwé sílẹ̀ láìsí ọrẹ náà, kí ẹ wá ṣe àtúnṣe rẹ̀ lẹ́yìn.

Ẹni tó ń rò ó pé kóun gbé e lọ sílé

Wọ́n bi wá, ó sì dájú pé wọ́n á bi yín. Kọ́sítọ́ọ̀mù Nàìjíríà kì í gba ọkọ̀ àlòkù tó ti ju ọdún 12 lọ. Iná 120 fóòtì ni àwọn ẹ̀rọ inú RV Amẹ́ríkà tí wọ́n ń so mọ́ iná ilé ń lò, 230 fóòtì sì ni ti Nàìjíríà. Tí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ bá bàjẹ́ ní Ṣàgámù, ta ló máa ní páàtì rẹ̀? A fi èyí sílẹ̀ láìpẹ́.

Ọjọ́ tí ọkọ̀ náà ń lọ

Bóyá ẹ tà á ni o, bóyá ẹ fi tọrẹ ni o, ẹ sọ fún ìjọba pé kì í ṣe tiyín mọ́. Ní Texas, ọjọ́ 30 lẹ ní, lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ọ̀fẹ́ sì ni. Tí kì í bá ṣe dílà ló gbà á, ẹ yọ nọ́ńbà ọkọ̀ kúrò lára rẹ̀ níbí. Ní California, ọ̀tọ̀ ni tiwọn, nọ́ńbà máa ń bá ọkọ̀ lọ, ọjọ́ márùn-ún ni wọ́n sì fún ẹni tó tà á láti sọ fún wọn. Ẹ má fagi lé ìbánigbófò kí ìwé tó yí orúkọ padà tán. Ẹ tọ́jú gbogbo ìwé náà fún ọdún mẹ́ta, ó kéré tán.

Kí ẹ tó fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀, ẹ yọ EZ TAG kúrò lára gíláàsì, kí owó tóólù ẹlòmíràn má baà máa wá sílé yín. Ẹ pa orúkọ fóònù yín rẹ́ nínú rédíò rẹ̀. Ẹ ṣí gbogbo àpótí, títí kan èyí tó wà lábẹ́ ibùsùn àti èyí tí ẹ ń kó páìpù sí níta. Inú tiwa ni mo ti rí ìwé báńkì ọdún mẹ́ta sẹ́yìn tí nọ́ńbà àkáǹtì wa wà lórí rẹ̀, àti bàtà ẹsẹ̀ kan tí ọmọbìnrin mi ti wá títí láti ìgbà Big Bend.